Ìgò ₦185,000 àti ìgò ₦4,000: ìtàn bí owó lọ́fínńdà ṣe kúrò nínú omi inú ìgò

1.
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga súnmọ́ ibí. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n owó yín ló dá lé lórí.

Lọ́dún tó kọjá, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi tọ́jú owó kí n tó ra lọ́fínńdà kan. ₦185,000. Ìgò rẹ̀ wúwo lọ́wọ́ bí òkúta, páálí rẹ̀ ń dán. Mo fín in lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi, mo wá ń rìn láàárín èrò bí ẹni pé èmi ni mo ni gbọ̀ngán.

2.
Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé, mo yà kí Alhaja tó ń ta òróró lọ́fínńdà ní ìkóríta àdúgbò wa. Wọ́n gbóòórùn mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa ìgò kékeré kan yọ lábẹ́ tábìlì, wọ́n sì fi kán mi lẹ́yìn ọwọ́.

"Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe èyí lo fín sára?"

Mo gbóòórùn ọwọ́ ọ̀tún, mo gbóòórùn ọwọ́ òsì. Ẹ̀yin ará, díẹ̀ báyìí ló kù kó jẹ́ ọ̀kan náà.

"Èló lẹ ń tà á, mà?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré."

3.
Inú bí mi. Mo kọ́kọ́ bínú sí Alhaja, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n jí owó mi. Lẹ́yìn náà, mo bínú sí ẹni tó tà á fún mi. Nígbà tó yá, mo bínú sí ara mi. Ìbéèrè kan ló ń jẹ mí lọ́kàn: ₦181,000 tó wà láàárín ìgò méjèèjì yìí, kí ni mo fi rà?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn nìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé, nígbà kan, owó lọ́fínńdà jẹ́ owó ohun tó wà nínú ìgò lóòótọ́. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, owó yẹn kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú omi, ó sì lọ ń gbé ibòmíràn. Ẹ jẹ́ ká tọpa rẹ̀.

4.
Ká bẹ̀rẹ̀ látẹnu ara wa ná. "Lọ́fínńdà" tí à ń pè yìí, "lavender" ni, orúkọ òdòdó kékeré kan tí àwọn òyìnbó máa ń sè kí wọ́n lè gba omi olóòórùn dídùn lára rẹ̀. Orúkọ òdòdó kan ṣoṣo la wá fi ń pe gbogbo òórùn inú ìgò, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n fi òdòdó ṣe tàbí èyí tí kò rí òdòdó sójú rí.

Ẹ di ọ̀rọ̀ òdòdó yẹn mú, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni owó ti bẹ̀rẹ̀.

5.
Ìlú kan wà ní gúúsù Faransé tó ń jẹ́ Grasse. Iṣẹ́ awọ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti kọjá níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ rí, ẹ mọ bó ṣe ń rùn. Àwọn ọlọ́lá Yúróòpù fẹ́ràn ìbọ̀wọ́ aláwọ, àmọ́ wọn ò fẹ́ òórùn awọ. Làwọn oníṣẹ́ Grasse bá ń fi òórùn òdòdó kun ìbọ̀wọ́.

Nígbà tó yá, owó orí tí ìjọba bù lé awọ, àti ìdíje láti ìlú mìíràn, lé iṣẹ́ awọ lọ. Iṣẹ́ òórùn dúró ní tiẹ̀. Títí dòní, Grasse ni wọ́n ń pè ní olú ìlú lọ́fínńdà. Ní 2018, UNESCO fi ìmọ̀ lọ́fínńdà agbègbè yẹn kún àjogúnbá aráyé.

6.
Báwo ni wọ́n ṣe ń gba òórùn lára òdòdó? Jásmíìnì ò ṣeé sè, iná máa ń ba òórùn rẹ̀ jẹ́. Torí náà, wọ́n á tẹ́ ọ̀rá ẹran sórí gíláàsì, wọ́n á to òdòdó tútù lé e lórí. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ṣa ti àná kúrò, wọ́n á to tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ títí ọ̀rá náà á fi mu òórùn yó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá fi sípíríìtì fọ òórùn náà jáde.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ o. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀.

7.
Ẹ wá wo ìṣirò. Òdòdó jásmíìnì kéré débi pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ já kílò kan, ẹ máa já tó 8,000 òdòdó. Kílò kan ÒDÒDÓ nìyẹn o, kì í ṣe kílò kan òróró. Ní ti róòsì, ní àfonífojì Kazanlak lórílẹ̀-èdè Bulgaria, ó máa ń gba nǹkan bí 3,500 kílò òdòdó tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí kílò kan òróró tó jáde.

Àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n sì máa ń já a. Tí oòrùn bá ti mú ganrínganrín, òórùn á ti dín kù.

8.
Òdòdó nìkan kọ́.

Mísìkì: ara akọ ẹran kan tó jọ àgbọ̀nrín, tó ń gbé orí òkè ní Éṣíà, ni wọ́n ti ń mú un. Kílò kan lè gba ẹ̀mí bíi 40 ẹran.

Ambergris: inú àbùùbùtán ló ti ń jáde, òkun ló sì máa ń gbé e wá sétí bèbè nígbà tó bá wù ú.

Oud: igi Aquilaria tára rẹ̀ yá kì í mú oud jáde. Ìgbà tí olú kan bá wọ inú igi náà, tí igi náà ń fi oje dúdú gbèjà ara rẹ̀, ìyẹn gan-an ni oud. Ẹ lè gé ọ̀pọ̀ igi kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan. Wọ́n gé e débi tí òfin àgbáyé fi ń ṣọ́ gbogbo oríṣi igi náà báyìí.

Láyé ìgbà yẹn, tẹ́nì kan bá ní lọ́fínńdà òun wọ́n, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn.

9.
Ìgbà yẹn làwọn onímọ̀ kẹ́míkà wọlé.

Ní 1868, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Perkin, ṣe coumarin nínú yàrá ìwádìí rẹ̀. Òórùn koríko gbígbẹ tó dùn díẹ̀ ni. Ní 1882, ilé iṣẹ́ Houbigant ní Paris fi í sínú Fougère Royale. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ máa ń fín lọ́fínńdà "ti ọkùnrin", ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ-ọmọ Fougère Royale ni.

Ní 1874, àwọn ará Jámánì méjì, Wilhelm Haarmann àti Ferdinand Tiemann, rí i pé àwọn lè fi ohun tó wà nínú oje igi páìnì ṣe òórùn fànílà. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún un nílùú Holzminden. Ní 1889, Guerlain fi fànílà oníkẹ́míkà yìí sínú Jicky. Ẹ má gbàgbé orúkọ Haarmann o, a máa tún pàdé ẹ̀ níwájú.

10.
Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí fànílà, torí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká dárúkọ.

Mẹ́síkò ni fànílà ti wá. Tí wọ́n bá gbìn ín síbòmíràn, á tanná, kò ní so. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù gbìyànjú títí, wọn ò rí ọ̀nà tó rọrùn tí àgbẹ̀ lè lò. Ní 1841, ní erékùṣù Réunion, ọmọ ẹrú kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, Edmond, fi igi pẹ́lẹ́bẹ́ kékeré kan àti àtàǹpàkò rẹ̀ so akọ àti abo inú òdòdó náà pọ̀. Ó so! Ọ̀nà ọmọ yẹn làwọn àgbẹ̀ fànílà ṣì ń lò títí dòní.

Nígbà tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní 1848, wọ́n fún un lórúkọ ìdílé, Albius. Àwọn olóko di olówó. Edmond Albius kú ní 1880 nínú òṣì.

11.
Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù: ní 1888, ará Jámánì mìíràn, Albert Baur, ń wá bóun ṣe máa ṣe àdó olóró tó lágbára ju TNT lọ. Ohun tó pò ò bú gbàmù bó ṣe fẹ́. Ó kàn ń rùn bíi mísìkì ni!

Bí wọ́n ṣe rí mísìkì tí wọn ò pa ẹran kankan nítorí ẹ̀ nìyẹn o. Látìgbà yẹn, òórùn tí wọ́n ń torí ẹ̀ gun òkè pẹ̀lú ìbọn ti di ohun tí ilé iṣẹ́ lè pò nínú àgbá. Ó bọ́ sínú lọ́fínńdà, ó sì tún bọ́ sínú ọṣẹ.

12.
Ẹ wò ó dáadáa. Láàárín 1868 sí nǹkan bí 1900, ohun tó mú kí lọ́fínńdà wọ́n láti ọjọ́ aláyé ti ń yẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé òdòdó tán nínú rẹ̀ o, ojúlówó òróró róòsì àti jásmíìnì ṣì wọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmọ́ kò pọn dandan mọ́ kí ìgò kan kún fún wọn kó tó lè rùn dáadáa.

Ìṣòro ńlá wá dé bá oníṣòwò: tí omi inú ìgò bá ti ń dẹrùn, kí lo máa sọ fún oníbàárà tó fi máa san owó gọbọi?

13.
Ẹni tó dáhùn ìbéèrè yẹn jù ni François Coty, ọmọ erékùṣù Corsica. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, inú ìgò lásán, bíi ti oògùn, ni wọ́n sábà máa ń rọ lọ́fínńdà sí. Ní nǹkan bí 1907 sí 1908, Coty lọ bá René Lalique, àgbà oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ní Paris, pé kó bá òun ṣe ìgò tó rẹwà.

Òye rẹ̀ ni pé ojú lẹ kọ́kọ́ fi ń ra lọ́fínńdà kí imú tó dá sí i. Ó tún gbọ́n sí i: ó ń ta ìgò ńlá fún olówó, ó ń ta ìgò kékeré fún ọmọge tó ń ṣiṣẹ́ oṣù. Ó di ọ̀kan lára àwọn tó lówó jù ní Faransé. Ó ti kú láti 1934, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́jà dòní.

14.
Kẹ́ ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Paris nìkan ni, ẹ jẹ́ ká wá sílé.

Ní 1920, ní Khartoum, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Eric Burgess, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ W. J. Bush ti London, po lọ́fínńdà kan fún àwọn oníṣòwò Sudan. Wọn ò fi ọtí sí i, torí náà ọkàn Mùsùlùmí balẹ̀ lórí ẹ̀. Wọ́n fi àwòrán ọmọbìnrin Sudan kan sára ìgò. Orúkọ rẹ̀: Bint el Sudan.

Àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ Mẹ́kà gbé e kiri títí ó fi dé Kano, tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Tẹ́ ẹ bá tú àpótí ìyá àgbà yín wò, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá ìgò tíńtín náà níbẹ̀. Èrè orí ìgò kan kéré. Ọ̀pọ̀ ìgò ni wọ́n fi ń rówó.

15.
Ọdún kan péré lẹ́yìn Bint el Sudan, ní 1921, Chanel N°5 jáde. Ernest Beaux ló pò ó: jásmíìnì Grasse wà níbẹ̀, èròjà oníkẹ́míkà wà níbẹ̀ dáadáa. Coco Chanel kì í ṣe onímọ̀ lọ́fínńdà, aránṣọ ni. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń tà.

Ẹ wá gbọ́ àdéhùn tó tọwọ́ bọ̀ ní 1924. Ìdílé Wertheimer tó ní ilé iṣẹ́ mú ìpín 70 nínú 100. Théophile Bader, tó ní ilé ìtajà ńlá, mú 20. Chanel tó ni orúkọ mú 10. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bá wọn jà lórí ẹ̀. Lójú tèmi, àdéhùn yẹn ti fi hàn pé owó lọ́fínńdà ti kúrò lóko òdòdó. Ó ti di ọ̀rọ̀ ta ni olórúkọ, ta ni ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ ẹ̀.

16.
Ní 1929, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Àwọn oníbàárà Jean Patou, aránṣọ kan ní Paris, ò lówó aṣọ mọ́. Kí ni Patou ṣe? Ṣé ó dínwó ni? Rárá o. Ó gbé Joy jáde, ó sì polówó ẹ̀ pé òun ni lọ́fínńdà tó wọ́n jù lọ láyé! Wọ́n ní ìgò 30ml kan gba 10,600 òdòdó jásmíìnì àti 336 róòsì.

Ó tà gan-an. Wọn ò fi wíwọ́n rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà, wíwọ́n náà gan-an ni ọjà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń lo ọgbọ́n yẹn dòní, àní àwọn tí òdòdó inú ìgò wọn ò tó nǹkan.

17.
Ẹ wá jẹ́ ká wọ ẹ̀yìn ilé lónìí. Ẹ rò pé ilé aṣọ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò yín ló ń po lọ́fínńdà? Àwọn bíi Chanel àti Guerlain ní ẹni tó ń pò ó fún wọn nínú ilé, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ni kò ní. Ó ti pẹ́ tí Coty ti ń ṣe lọ́fínńdà Gucci, tí L'Oréal ń ṣe ti Armani. Orúkọ ni wọ́n yá wọn.

Àwọn náà ò sì sábà po òórùn fúnra wọn. Ilé iṣẹ́ mẹ́rin ló jẹ gàba lórí iṣẹ́ yẹn láyé: Givaudan, dsm-firmenich, IFF àti Symrise. Àwọn yìí kan náà ló ń po òórùn ọṣẹ ìfọṣọ àti ìpara.

18.
Ẹ rántí ilé iṣẹ́ W. J. Bush tó ṣe Bint el Sudan? Ní 1966, ó di ara Bush Boake Allen. Ní 2000, IFF ra Bush Boake Allen. Ẹ rántí ilé iṣẹ́ Haarmann tó ń ṣe fànílà? Òun ló padà di ara Symrise.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀kan sí i. Jo Malone ta ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ fún Estée Lauder ní 1999. Lọ́fínńdà ilé iṣẹ́ yẹn ò ní iye kékeré. Ní 2019, Jo Malone fúnra rẹ̀, imú kan náà, po àwọn lọ́fínńdà kan fún Zara ní owó tí ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Orúkọ tó wà lára ìgò ló yàtọ̀.

19.
Àmọ́ kẹ́ ẹ má bàa ní mo ń purọ́ mọ́ ìgò olówó ńlá: ìyàtọ̀ gidi máa ń wà nínú omi náà nígbà míì.

Ẹ wo ara ìgò yín. "Eau de Cologne" sábà máa ń ní òórùn bí ìdá 2 sí 4 nínú 100, ìyókù jẹ́ sípíríìtì àti omi. "Eau de Toilette", ó lè jẹ́ 5 sí 15. "Eau de Parfum", 15 sí 20. "Parfum" tàbí "Extrait", ó lè kọjá 20 dáadáa. Torí náà, orúkọ kan náà, àwọ̀ ìgò kan náà, owó lè yàtọ̀ torí pé èyí kan le ju èkejì lọ. Òróró Alhaja ò tiẹ̀ ní sípíríìtì nínú rárá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, tí kì í tètè tàn káàkiri yàrá.

20.
Ìbéèrè tó kàn: tí òórùn bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan, kí ló dé tí Alhaja lè rí èyí tó jọ ọ́ tà, tí ọlọ́pàá ò mú ẹnikẹ́ni?

Ẹ̀rọ wà báyìí tó lè tú lọ́fínńdà palẹ̀, kó sọ èròjà tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣírí ò pẹ́ mọ́. Òfin ńkọ́? Ní June 13, 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Faransé dá ẹjọ́ obìnrin kan tó ń po lọ́fínńdà. Ó ní òun lòun ṣẹ̀dá òórùn Dune ti Dior, ó ń béèrè ẹ̀tọ́ bí òǹkọ̀wé ṣe ní ẹ̀tọ́ lórí ìwé rẹ̀. Ta ló pè lẹ́jọ́? Haarmann & Reimer, ilé iṣẹ́ fànílà wa àná! Ilé ẹjọ́ ní rárá, iṣẹ́ ọwọ́ ni òórùn, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà tí òfin ń dáàbò bò bẹ́ẹ̀.

21.
Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, ní June 16, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Netherlands sọ òdìkejì. Lancôme ló pe ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Kecofa lẹ́jọ́, pé "Female Treasure" tí wọ́n ń tà pọ́ọ́kú ń jí òórùn "Trésor". Ilé ẹjọ́ gbè sẹ́yìn Lancôme. Òfin ìlú méjì ò fẹnu kò lórí bóyá òórùn ní olówó.

Ní 2009, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ìṣọ̀kan Yúróòpù. L'Oréal ló pe Bellure lẹ́jọ́, àwọn tó ń ṣe Creation Lamis. Bẹ́ẹ̀ ni, Creation Lamis tẹ́ ẹ mọ̀! Àwọn tó ń tà á ní ìwé kan tí wọ́n fi ń sọ pé "èyí jọ tọ̀hún". Ilé ẹjọ́ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń jẹ lára orúkọ ẹlòmíràn lọ́nà àìtọ́. Ẹ kíyè sí i: orúkọ ni ẹjọ́ dáàbò bò. Òórùn fúnra rẹ̀ ṣì wà níta gbangba.

22.
Ojú ọ̀nà yẹn làwọn ilé iṣẹ́ Dubai gbà kọjá. Creed gbé Aventus jáde ní 2010. Armaf gbé Club de Nuit Intense Man jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní "Aventus rèé!", owó rẹ̀ ò sì súnmọ́ ti Creed rárá. Síbẹ̀, ní 2023, Kering ra Creed ní €3.5 bílíọ̀nù. Ẹ rí i pé ẹni tó ra Creed ò bẹ̀rù àfijọ. Orúkọ ló rà.

Ṣé àfijọ àti ojúlówó wá jẹ́ bákan náà? Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń ní èròjà kan tí àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn nìkan fún bí 20 ọdún. Ẹ̀rọ náà ò lè sọ oko tí róòsì kan ti wá. Ẹni tó ń ṣe àfijọ sábà máa ń dín ojúlówó òróró kù. Wákàtí àkọ́kọ́ lè jọra, kí wákàtí kẹrin tú àṣírí.

23.
Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi àfijọ pe ayédèrú fún yín. Àfijọ ń jẹ́ orúkọ tara rẹ̀. Ayédèrú ló ń jẹ́ orúkọ onílé lórí irọ́, tẹ́ ẹ kì í mọ ohun tí wọ́n rọ sínú ẹ̀. Ìyẹn lè bó yín lára. Ẹ máa wo nọ́ńbà NAFDAC.

24.
Ó ku ohun kan tó kan àwa níbí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, dọ́là kan jẹ́ bí ₦460 ní iye ìjọba. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti tó ₦1,500 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́fínńdà $120 tó yẹ kó jẹ́ ₦55,200 tẹ́lẹ̀ di ₦180,000. Ẹ ò rí i? Omi inú rẹ̀ ò yí padà. Nínú ₦181,000 tó ń dùn mí, apá ńlá jẹ́ ti náírà tó ṣubú. Apá kan jẹ́ ti ìgò, páálí, ìpolówó, òṣèré inú ìpolówó, àti èrè ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó jẹ́ ti òórùn ló kéré jù.

25.
Ó ku ẹni tó ń já òdòdó. Íjíbítì ni nǹkan bí ìdajì jásmíìnì ayé ti ń wá báyìí. Ní 2024, BBC gbé ìwádìí kan jáde láti àwọn abúlé ibẹ̀: òru ni wọ́n ń jí lọ sóko, wọ́n bá àwọn ọmọ tí kò tó ọdún 15 lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìdílé kan já òdòdó mọ́jú. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ìpín onílẹ̀, owó wọn ò tó dọ́là méjì.

Mo rántí Edmond, ọmọ ọdún 12 ti 1841. Ọdún tó lé ní 180 ti kọjá. A ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kẹ́míkà ṣe mísìkì, a ti ní ẹ̀rọ tó lè ka òórùn, àwọn adájọ́ ti jiyàn lórí ẹni tó ni òórùn. Ọmọdé ṣì ń jí lóru lọ já òdòdó. Inú ìgò ₦185,000 mi, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òdòdó irú wọn ò sí níbẹ̀.

26.
Mo padà lọ sọ́dọ̀ Alhaja lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ìwé tó o kà yìí, ṣé o máa ra ọjà àbí o ò ní rà?"

Mo rà á. ₦4,000. N ò ju ìgò ńlá mi nù o, oṣù mẹ́ta ni mo fi tọ́jú owó ẹ̀! Mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń rùn nírọ̀lẹ́, mo sì fẹ́ràn ìgò náà. Ìyàtọ̀ ni pé mo ti mọ ohun tí mo sanwó fún báyìí. Ohun tí mo sì jáwọ́ nínú ẹ̀ ni yíyínmú sí ẹni tó bá fín èyí tí ò wọ́n. Mo ti ṣe é rí, ojú sì ń tì mí.

Ó tán síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbádùn ẹ̀, ẹ bá mi pín in káàkiri. Kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ fún mi nísàlẹ̀ ibí: èló ni lọ́fínńdà tó wà lára yín báyìí, kí lẹ sì rò pé ẹ fi owó yẹn rà?